Pọtásíọ̀mù Màámi kò tó tẹ́lẹ̀, wọ́n tún ní ó ti pọ̀ jù báyìí, kí la fẹ́ fún wọn jẹ o?

Àbígbẹ̀yìn_Màámi:
Ẹ kú alẹ́ o ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá mọ̀ nípa àrùn ọkàn kó bá mi dá sí i, ọ̀rọ̀ yìí ti fẹ́ dojú rú mọ́ wa lọ́wọ́.

Màámi ti lé ní ọgọ́ta ọdún, ẹ̀jẹ̀ ríru ti wà lára wọn tipẹ́, òun náà ló padà wá ba ọkàn jẹ́. Wọ́n ṣe ẹ̀kò (àyẹ̀wò tó ń ya àwòrán ọkàn) fún wọn, wọ́n ní ọkàn ti tóbi, kò lágbára láti máa ti ẹ̀jẹ̀ jáde bó ṣe yẹ mọ́. Ẹsẹ̀ wọn máa ń wú, tí wọ́n bá dùbúlẹ̀ gbalaja wọn ò ní lè mí, àfi kí wọ́n to ìrọ̀rí sẹ́yìn kí wọ́n fẹ̀yìn tì í sùn. Wọ́n wá fún wọn ní Lasix, oògùn tó ń mú èèyàn tọ̀, ìtọ̀ ń lọ dáadáa, wíwú ẹsẹ̀ yẹn lọ sílẹ̀, gbogbo wa ń dúpẹ́. Ìgbà tó ṣe díẹ̀ ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ráhùn pé iṣan ẹsẹ̀ ń há àwọn lóru, ara ò lókun, ọkàn ń lù kìkìkì ó sì tún máa ń fò. A ṣe E/U, ìyẹn àyẹ̀wò àwọn iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀ àti iṣẹ́ kíndìnrín, pọtásíọ̀mù (ọ̀kan nínú àwọn iyọ̀ yẹn) jẹ́ 2.9. Dókítà ní Lasix ló ń kó o bá ìtọ̀ lọ, ó kọ Slow-K, ìyẹn oògùn oníhóró tó jẹ́ pọtásíọ̀mù, ó ní kí wọ́n máa jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́, ọsàn, omi àgbọn. Ẹ̀yin náà ẹ mọ ilé Yorùbá, ẹ ti sọ fún wa pé nǹkan kan dáa fún Màámi, ọmọ gbogbo ni yóò máa rù ú wálé, ọ̀gẹ̀dẹ̀ ń pọ́n síra wọn ní kíṣìnì.

Nígbà tó yá dókítà mìíràn ní kílíníkì fi spironolactone àti lisinopril kún oògùn, ó ní àwọn ni wọ́n ń mú kí ọkàn pẹ́. Kò sẹ́ni tó mẹ́nu ba Slow-K, ó ṣì wà nínú ọ̀rá oògùn, wọ́n ṣì ń lò ó. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó wà ní Manchester náà fi iyọ̀ kan ránṣẹ́, iyọ̀ tí sódíọ̀mù rẹ̀ (èròjà inú iyọ̀ ọbẹ̀) kéré, ó ní òun ni kí a máa fi sebẹ̀ fún ẹlẹ́jẹ̀ ríru, ó tún kó fítámínì oríṣiríṣi pọ̀ mọ́ ọn, D, E, B, magnísíọ̀mù, ike rẹ̀ kún tábìlì.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá a tún ẹ̀jẹ̀ ṣe: pọtásíọ̀mù 6.1, sódíọ̀mù 129. Dókítà tó wo èsì yẹn kò jẹ́ ká jókòó, wọ́n gbé Màámi sórí bẹ́ẹ̀dì lójú ẹsẹ̀, ECG (àyẹ̀wò bí ọkàn ṣe ń lù), abẹ́rẹ́, wọ́n tún fún wọn ní insulin pẹ̀lú omi ṣúgà, bẹ́ẹ̀ Màámi ò ní ìtọ̀ ṣúgà o! A ti délé báyìí, ó ti sọ̀ kalẹ̀ sí 5.2, wọ́n ní ká má fún wọn ní ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti omi àgbọn mọ́, wọ́n sì ti gba Slow-K kúrò.

Ohun tí kò yé mi nìyí. Ohun tí kò tó lánàá, báwo ló ṣe wá pọ̀ jù lónìí? Sódíọ̀mù tó lọ sílẹ̀ yẹn ńkọ́, ṣé ká dá iyọ̀ gidi padà sínú ọbẹ̀ ni? Àwọn fítámínì yẹn, èwo ni ká fún wọn, èwo ni ká kó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan? Ẹ̀gbọ́n mi ń pè lójoojúmọ́, mi ò mọ ohun tí máa sọ fún un.

Apòògùn_Àdúgbò:
Ẹ kú ìtọ́jú Màámi, Ọlọ́run á fún wọn lálàáfíà. Dókítà àkọ́kọ́ kò purọ́, èyí tó dé lẹ́yìn náà kò purọ́, oògùn ló yí padà láàárín àwọn méjèèjì tí oúnjẹ àti Slow-K kò sì bá a yí.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Lasix ń fi iyọ̀ àti omi jáde nínú kíndìnrín, bí ìyẹn ṣe ń jáde ni pọtásíọ̀mù àti magnísíọ̀mù ń bá a lọ, fítámínì B1 pàápàá ń bá a lọ. Ìdí nìyẹn tí ó fi dé 2.9, nítorí ohun tí à ń wá ni kó wà láàárín 3.5 sí 5.0, lábù mìíràn á kọ 5.5. Spironolactone ní tirẹ̀, ó ń dá pọtásíọ̀mù dúró sínú ara. Lisinopril náà ń dá a dúró, losartan àti ramipril àti valsartan, iṣẹ́ kan náà ni. Ẹ wá fojú inú wò ó: Lasix ṣí ilẹ̀kùn, àwọn méjì yẹn wá tì í pa, Slow-K àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti iyọ̀ Manchester ṣì ń wọlé látẹ̀yìn. Ibo ló fẹ́ gbà jáde?

Iyọ̀ yẹn gan-an ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ wò dáadáa. Ẹ yí ẹ̀yìn ike rẹ̀, ẹ ka ohun tó wà nínú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn iyọ̀ tí wọ́n ń pè ní aláìsódíọ̀mù-púpọ̀ ní UK, potassium chloride ló pọ̀ jù nínú wọn, ó ju iyọ̀ tí a mọ̀ lọ pàápàá. Fún ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ dá ṣáṣá tí kò lo irú oògùn wọ̀nyí ó lè dáa fún ẹ̀jẹ̀ ríru lóòótọ́, wọn ò purọ́ fún ẹ̀gbọ́n yín. Àmọ́ wọ́n máa ń kọ ọ́ sára rẹ̀ pé ẹni tó ní àrùn kíndìnrín tàbí ọkàn kó kọ́kọ́ bi dókítà rẹ̀, lẹ́tà kékeré ni, ẹni tó ń kó ẹrù lọ sí Nàìjíríà kì í rójú kà á.

Mi ò fẹ́ kẹ́ ẹ torí ohun tó ṣẹlẹ̀ kórìíra spironolactone o. Ní 1999 wọ́n gbé èsì ìwádìí kan tí wọ́n ń pè ní RALES jáde, àwọn aláìsàn ọkàn tó le gan-an, 1,663, àwọn tó lo spironolactone, ikú láàárín wọn fi ìdá ọgbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún dín sí ti àwọn tí kò lò ó. Nǹkan ńlá nìyẹn. Àmọ́ nínú ìwádìí yẹn, ẹni tí pọtásíọ̀mù rẹ̀ bá ti kọjá 5.0 wọn ò gbà á wọlé, wọ́n sì ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò léraléra. Ìgbà tí oògùn náà wá dé ọwọ́ dókítà gbogbo, tí wọ́n ń kọ ọ́ fún àgbàlagbà tí wọn ò sì yẹ ẹ̀jẹ̀ wò tó bẹ́ẹ̀, ní Ontario ní Kánádà iye èèyàn tí wọ́n ń gbé wá sọ́sibítù nítorí pọtásíọ̀mù tó ga fò sókè. Nítorí náà tí ẹnikẹ́ni bá fi spironolactone kún oògùn Màámi yín, ẹ bi í pé ọjọ́ wo la máa ṣe E/U. Ọ̀sẹ̀ kan, lẹ́yìn náà ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, lẹ́yìn ìyẹn lóòrèkóòrè. Kì í ṣe ìgbà tí ara bá ti ń dùn wọ́n, nítorí pọtásíọ̀mù tó ga kì í sábà fara hàn, ẹlòmíì kò ní mọ̀ ọ́n lára títí ọkàn á fi ṣìṣẹ́.

Ọmọ_Elégbòogi:
Ọ̀rọ̀ pọ̀ jù jàre. Ohun tí Olúwa dá kì í pa èèyàn, ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni wọ́n wá ń sọ di májèlé yìí? Àwọn bàbá wa jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ jẹ ẹ̀fọ́ wọ́n gbó wọ́n tọ́. Kẹ́ ẹ wá àgbo ẹ̀jẹ̀ ríru fún Màámi, ife kan láàárọ̀, ife kan lálẹ́, kẹ́ ẹ kó oògùn òyìnbó yẹn sílẹ̀ fún oṣù kan kẹ́ ẹ wò ó. Mo mọ bàbá kan tó ń gun òkè báyìí.

Nọ́ọ̀sì_Àgbà:
@Ọmọ_Elégbòogi ẹ̀gbọ́n, ẹ rọra. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ dá ṣáṣá tí kíndìnrín rẹ̀ náà dá ṣáṣá, ẹ fún un ní ọ̀gẹ̀dẹ̀ odidi ẹ̀ka kan, á tọ̀ ọ́ dà nù. Ìyá tí à ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí, ọkàn ò gbé ẹ̀jẹ̀ tó dé kíndìnrín, oògùn méjì ló tún ń dá pọtásíọ̀mù dúró, ife omi àgbọn kan ṣoṣo sì lè ní tó 600 milligram. Ẹ tún ní kí wọ́n fi oògùn sílẹ̀ fún oṣù kan. Mo ti rí àwọn tó fi í sílẹ̀, kì í pé oṣù kan, wọ́n á gbé wọn wọlé tọ̀gànjọ́ tí wọ́n ń mí gúlegúle, ẹ̀dọ̀fóró ti kún fómi. Àgbo tiyín, ewé àti èèpo igi lẹ sè pọ̀, ta ló wọn pọtásíọ̀mù inú rẹ̀ rí? Ife méjì lóòjọ́, omi náà sì ni.

Ó kan omi wàyí, ìyẹn ló mú mi wọlé síbí. Àbúrò tó béèrè, sódíọ̀mù 129 yẹn, ẹ má bu iyọ̀ kankan padà sínú ọbẹ̀ o! Ohun tó yẹ kó jẹ́ ni 135 sí 145, mo gbà, àmọ́ iyọ̀ kọ́ ló tán lára Màámi, omi ló pọ̀ jù tó là á. Ọkàn tó ti rẹ̀, ara máa rò pé ẹ̀jẹ̀ ò tó, á bẹ̀rẹ̀ sí í di omi mú, òùngbẹ á tún máa gbẹ aláìsàn, wọ́n á máa mu, omi yẹn ló ń po sódíọ̀mù di fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Tẹ́ ẹ bá wá fi iyọ̀ kún un, omi mìíràn ni iyọ̀ yẹn á tún fà mọ́ra, ẹsẹ̀ á wú padà. Lasix náà máa ń dá kún un nígbà mìíràn, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ dókítà ló máa sọ bóyá kí wọ́n dín in tàbí kí wọ́n fi kún un, ẹ ò lè mọ ìyẹn látilé.

Ẹ bi dókítà yín iye omi tí wọ́n fẹ́ kí wọ́n máa mu. Ọ̀pọ̀ ìgbà fún irú wọn, lítà kan ààbọ̀ lóòjọ́ ni wọ́n máa ń sọ, ìyẹn sì jẹ́ pure water onísentilítà 50 mẹ́ta péré, gbogbo ẹ̀ ló wà níbẹ̀ o, tíì, ògì, omi ọbẹ̀, omi tí wọ́n fi gbé oògùn mì. Ohun tí mo máa ń ṣe fún àwọn tèmi ni pé láàárọ̀ mo máa kó pure water mẹ́ta yẹn sínú abọ́ kan lọ́tọ̀, tí wọ́n bá mu tíì mo máa tú iye kan náà kúrò nínú ọ̀kan, ìgbà tó bá tán ó tán nìyẹn. Wọ́n máa bínú sí yín. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa fi omi yọ ẹnu tu ú dà nù, ẹ fún wọn ní áìsì kékeré kí wọ́n máa la, ó ń ṣiṣẹ́. Ẹ tún ra ìwọ̀n, tí wọ́n bá jí tí wọ́n tọ̀ tán kí wọ́n tó jẹun kí wọ́n gun ún, kẹ́ ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Tó bá fi kílò méjì lé láàárín ọjọ́ mẹ́ta, omi nìyẹn, ẹran kì í dàgbà lára èèyàn báyẹn, ẹ pe dókítà. Tẹ́ ẹ bá rí i pé wọ́n ń sọ̀sọkúsọ, wọ́n ń sùn jù, tàbí gìrì mú wọn, ẹ má dúró pe ẹnikẹ́ni, ọsibítù tààrà.

Ẹ sì tún béèrè ọ̀rọ̀ insulin. Kì í ṣe torí ṣúgà rárá. Insulin ló ń ti pọtásíọ̀mù láti inú ẹ̀jẹ̀ wọ inú àwọn sẹ́ẹ̀lì ara, omi ṣúgà tí wọ́n fi tẹ̀lé e ni kí ṣúgà wọn má bàa já lulẹ̀. Ó ṣeé ṣe kí wọ́n fún wọn ní calcium gluconate ṣáájú ìyẹn, ìyẹn kì í dín pọtásíọ̀mù kù, ọkàn ló ń dáàbò bò. Ìtọ́jú wákàtí díẹ̀ ni gbogbo ẹ̀ o, pọtásíọ̀mù yẹn ṣì wà nínú ara, ó ṣì gbọ́dọ̀ bá ìtọ̀ tàbí ìgbẹ́ jáde, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ní kẹ́ ẹ má fi òmíràn kún un.

Lábù_Ni_Mí:
Ẹ jẹ́ kí n gbèjà iṣẹ́ mi kí n tó bú u. Èsì pọtásíọ̀mù tó ga, kì í ṣe gbogbo ẹ̀ ló wà lára aláìsàn. Pọtásíọ̀mù inú sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ pọ̀ gan-an ju ti omi ẹ̀jẹ̀ lọ, tí sẹ́ẹ̀lì bá ti fọ́ báyìí gbogbo ẹ̀ ló máa tú síta, á wá dà bíi pé aláìsàn fẹ́ kú. Kí ló ń fa irú èsì bẹ́ẹ̀? Kí wọ́n fi rọ́bà so apá pinpin kí wọ́n ní kí màmá máa di ẹ̀ṣẹ́ kó sì máa tú u, abẹ́rẹ́ tó kéré jù, fífa ẹ̀jẹ̀ tipátipá, kí wọ́n gbé ẹ̀jẹ̀ sórí ọ̀kadà nínú oòrùn láti kílíníkì kan dé lábù kejì, kí ẹ̀jẹ̀ sun inú fíríjì mọ́jú láìtíì yà á. Èyí tó máa ń dùn mí jù ni pé ẹni tó fa ẹ̀jẹ̀ rí i pé ọ̀kan nínú tíúbù ò kún, ó wá tú díẹ̀ sínú rẹ̀ látinú tíúbù olómorí pọ́pù. Tíúbù pọ́pù yẹn, EDTA onípọtásíọ̀mù, kẹ́míkà tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, ló wà nínú rẹ̀! Pọtásíọ̀mù á fò lọ sókè, kálísíọ̀mù á lọ sí ìsàlẹ̀, tẹ́ ẹ bá rí méjèèjì pọ̀ báyẹn kẹ́ ẹ fura.

Ṣùgbọ́n ẹ má gbọ́ èyí kẹ́ ẹ wá máa sọ fún dókítà pé lábù ló ṣì í. Ti Màámi yìí, pẹ̀lú gbogbo ohun tó wà nínú ọ̀rá oògùn yẹn, èmi gbà pé òótọ́ ni, wọ́n sì ṣe dáadáa tí wọ́n ṣe ECG tí wọn ò dúró de àtúnṣe. Ọ̀rọ̀ kan tó kù ni magnísíọ̀mù. Kò sí nínú E/U tí wọ́n máa ń ṣe fún yín, ọ̀tọ̀ lẹ máa ní kí wọ́n ṣe é, ọ̀tọ̀ lẹ máa sanwó rẹ̀. Ó sì ṣe pàtàkì, torí tí magnísíọ̀mù bá lọ sílẹ̀, kíndìnrín ò ní lè di pọtásíọ̀mù mú, ẹ lè máa fún aláìsàn ní Slow-K títí kó má gòkè. Ẹni tó bá ń lo omeprazole láti ọdún dé ọdún nítorí ọgbẹ́ inú tó tún ń lo Lasix, kó bèèrè fún un.

Ìyá_Ìbejì:
Bàbá ọkọ mi ń lo digoxin, oògùn ọkàn kan, pẹ̀lú Lasix, ohun tí mo rí nìyí: ṣàdédé ni wọ́n ní àwọn ò fẹ́ rí oúnjẹ, èébì ń gbé wọn, wọ́n ní gbogbo nǹkan ń pọ́n bí ìyeyè lójú àwọn, a rò pé ibà ni. Dókítà ní pọtásíọ̀mù ló lọ sílẹ̀ tí digoxin fi ń ṣe wọ́n bẹ́ẹ̀, pé ìwọ̀n digoxin tí kò ṣe nǹkan kan tẹ́lẹ̀ á di májèlé tí pọtásíọ̀mù bá ti já. Ẹni tó bá ní ẹni tó ń lo digoxin nílé kó mọ̀ o. Ó yà mí lẹ́nu pé nílé kan náà pọtásíọ̀mù tiwọn là ń wá kó gòkè, ti ẹlòmíràn ẹ ń wá kó sọ̀ kalẹ̀, tó fi jẹ́ pé ẹni tó bá ka thread yìí lọ́nà àbọ̀ lè lọ pa ẹni ẹlẹ́ni.

Tòkunbọ̀_Peckham:
Ẹ̀gbọ́n tó wà ní Manchester yẹn, ìfẹ́ ni, ẹ má bínú sí i. Àwa tí a wà níbí, ohun tí a bá rí ní ṣọ́ọ̀bù la máa ń kó ránṣẹ́. Èmi náà ń tọ́jú ìyá mi lọ́dọ̀ mi níbí, àrùn ọkàn kan náà, mo sì ti bi àwọn dókítà wọn nípa fítámínì kọ̀ọ̀kan.

Fítámínì D: àwa aláwọ̀ dúdú tí a wà ní ìlú òtútù, kì í tó wa lóòótọ́, oòrùn ò sí, wọ́n sì ní ká máa lò ó fún eegun. Pé ó ń wo ọkàn sàn, rárá. Ìwádìí ńlá kan tí wọ́n ń pè ní VITAL ní Amẹ́ríkà, ó lé ní 25,000 èèyàn, ìwọ̀n 2,000 IU lójoojúmọ́, kò dín àrùn ọkàn kù. Màámi tó sì wà nílé tó ń jókòó sí ìta lóòjọ́, kí ló fẹ́ fi ṣe? Fítámínì E: èyí gan-an kẹ́ ẹ kó kúrò. Wọ́n dán an wò fún ọdún púpọ̀ nínú ìwádìí tó ń jẹ́ HOPE, ìwọ̀n 400 IU lóòjọ́, kò ṣe ọkàn láǹfààní, nígbà tí wọ́n tún tẹ̀ síwájú tí wọ́n gbé èsì jáde ní 2005, àwọn tó ń lò ó ni ọkàn ń rẹ̀ jù lọ. Owó tí wọ́n fi ra á, kí wọ́n fi ṣe E/U.

B1 ni mo gbà fún wọn, ìyẹn thiamine. Lasix ń fọ̀ ọ́ jáde, àwọn àgbà kì í sì jẹun dáadáa, ìrẹsì funfun lójoojúmọ́ kò ní í tó bẹ́ẹ̀, ẹni tó bá wá ṣaláìní i pátápátá, òun nìkan tó láti mú kí ọkàn rẹ̀ kí ẹsẹ̀ sì wú, beriberi ni wọ́n ń pè é. Kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ òkèèrè o, àwọn dókítà wa tọpasẹ̀ àìsàn kan ní ilẹ̀ Yorùbá, tó máa ń dé lákòókò òjò, ara èèyàn á máa gbọ̀n, kò ní lè rìn gún régé, wọ́n rí i pé ìdin Anaphe tí àwọn èèyàn ń yan jẹ ló ń ba B1 jẹ́ nínú ara. B complex kò wọ́n, kò sì bá oògùn Màámi jà. Ẹ ṣì sọ fún dókítà.

Magnísíọ̀mù inú ike yẹn, ẹ dúró ná. Kíndìnrín tí kò ṣiṣẹ́ dáadáa kì í lè yọ ọ́ kúrò, ẹ wọ̀n ọ́n kẹ́ ẹ tó fún wọn, Lábù ti sọ ọ́. Ẹ tún wò ó bóyá fítámínì alápapọ̀ yẹn ní pọtásíọ̀mù nínú. Tí Màámi bá sì ń lo warfarin, oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì (ẹ ò sọ bóyá wọ́n ń lò ó), fítámínì K wà nínú ẹ̀fọ́ tútù, kì í ṣe pé kí wọ́n má jẹ ẹ́, ohun tó ń da INR (àyẹ̀wò bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń pẹ́ tó kó tó dì) rú ni kí wọ́n jẹ ẹ́ láàárọ̀ lálẹ́ lọ́sẹ̀ yìí kí wọ́n má fojú kàn án lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

Àbígbẹ̀yìn_Màámi:
Háà, ẹ ṣeun gan-an, kí Ọlọ́run má ṣe jẹ́ kẹ́ ẹ rógun ọmọ. Wọn ò lo warfarin o. Mo yí ike iyọ̀ yẹn, potassium chloride ni wọ́n kọ síwájú gbogbo nǹkan! Mo ti ya àwòrán rẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n mi, ó ti ń sunkún lórí fóònù, mo ní kó má sunkún. Ẹ jọ̀ọ́ ohun kan tún nìyí, láti àná ìtọ̀ ń ta Màámi, wọ́n ń tọ̀ díẹ̀díẹ̀, ará kẹ́mísìtì ìsàlẹ̀ àdúgbò fún wọn ní Septrin (oògùn tó ń pa kòkòrò àrùn) àti Ibuprofen (oògùn ara ríro), ó ní fún ọjọ́ márùn-ún. Wọn ò tíì lò ó. Ṣé kí wọ́n lò ó?

Apòògùn_Àdúgbò:
RÁRÁ O. Ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Inú mi dùn pé ẹ béèrè. Nínú Septrin, trimethoprim wà níbẹ̀, iṣẹ́ kan náà ló ń ṣe nínú kíndìnrín bíi ti àwọn oògùn ìtọ̀ tó ń dá pọtásíọ̀mù dúró. Ẹni tó bá ń lo spironolactone àti lisinopril tó sì fi Septrin lé e, láàárín ọjọ́ díẹ̀ pọtásíọ̀mù lè fò gan-an. Ontario yẹn kan náà ni wọ́n tún ti rí i pé àwọn àgbàlagbà tó ń lo spironolactone tí wọ́n fún ní irú oògùn yìí, ikú òjijì pọ̀ láàárín wọn ju àwọn tí wọ́n fún ní amoxicillin lọ. Ibuprofen náà, òun àti diclofenac, wọ́n ń fún ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ tó lọ sí kíndìnrín pọ̀, wọ́n ń di omi àti iyọ̀ mú, wọ́n ń gbé pọtásíọ̀mù sókè, wọn ò dáa fún ọkàn tó ti rẹ̀ rárá. Bí ara bá ń dùn wọ́n, paracetamol.

Ẹ gbé ìtọ̀ wọn lọ sí lábù lọ́la kí wọ́n wò ó, oògùn mìíràn wà fún un tí kò ní fọwọ́ kan pọtásíọ̀mù. Ẹ kó gbogbo ọ̀rá oògùn lọ bá dókítà, gbogbo ẹ̀, ti Manchester, ti kẹ́mísìtì, àgbo tó bá wà, ẹ tú u sórí tábìlì rẹ̀. Ẹ tún béèrè ohun tẹ́ ẹ máa ṣe tí ìgbẹ́ gbuuru tàbí èébì bá mú wọn, torí lọ́jọ́ yẹn ara máa gbẹ, spironolactone àti lisinopril lè di wàhálà, dókítà mìíràn á ní kẹ́ ẹ dá wọn dúró títí ara á fi balẹ̀. Ẹ jẹ́ kó kọ ọ́ sínú ìwé fún yín. Ẹ má ṣe dá wọn dúró fúnra yín lónìí tí kò sí nǹkan kan o.

Ìyá_Ìbejì:
Kí wá ni wọ́n máa jẹ báyìí? Màámi tèmi náà ti di 5.4, wọ́n ní kí wọ́n dín pọtásíọ̀mù kù, gbogbo oúnjẹ wa ló sì ní i, iṣu ní i, ẹ̀wà ní i, tòmátì ní i. Àmàlà ọ̀gẹ̀dẹ̀ la ti ń fún wọn torí ìtọ̀ ṣúgà.

Nọ́ọ̀sì_Àgbà:
Ẹ ò ní fi ebi pa wọ́n. Àmàlà ọ̀gẹ̀dẹ̀ yẹn ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò, ó dáa fún ṣúgà ni gbogbo ayé ń sọ, àmọ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí wọ́n ti sá gbẹ tí wọ́n lọ̀, omi inú rẹ̀ nìkan ló lọ, pọtásíọ̀mù dúró sínú èlùbọ́, àwo kan lè kó odindi ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà kan sínú. Ẹ dín in kù, kó má jẹ́ ojoojúmọ́. Iṣu wọ́n lè jẹ ẹ́, ẹ bó o, ẹ gé e wẹ́wẹ́, ẹ se é nínú omi púpọ̀, ẹ da omi yẹn nù, ẹ fi omi mìíràn parí ẹ̀, pọtásíọ̀mù púpọ̀ á bá omi àkọ́kọ́ lọ. Ẹ̀wà náà bẹ́ẹ̀, ẹ rẹ ẹ́, ẹ da omi nù. Ẹ̀fọ́, ẹ bọ̀ ọ́ kẹ́ ẹ fún un, ẹ má jẹ́ kí wọ́n mu omi rẹ̀. Àsáró tí wọ́n se iṣu mọ́ omi ẹ̀ pọ̀ mọ́ tòmátì, ẹ gbàgbé ìyẹn ná. Ẹ̀kọ, ìrẹsì, búrẹ́dì kò fi bẹ́ẹ̀ ní in. Ọbẹ̀ onítòmátì inú agolo, ẹ fi tàtàṣé àti àlùbọ́sà dípò púpọ̀ nínú rẹ̀.

Káún tẹ́ ẹ ń jù sínú ewédú àti ẹ̀wà kó tètè rọ̀, sódíọ̀mù ló kún inú rẹ̀, ẹ yọ ọ́ kúrò. Magí náà, iyọ̀ ló ju ìdajì lọ nínú ẹyọ kan, ẹni tó bá ń sọ pé òun ò fi iyọ̀ sọ́bẹ̀ tó wá fi magí mẹ́rin sí i, ẹ mọ ohun tó ṣe. Irú dáa, tí kì í bá ṣe èyí tí wọ́n ti da iyọ̀ sí lọ́jà, ẹ tọ́ ọ wò kẹ́ ẹ tó rà á. Àbígbẹ̀yìn, tí èsì ìtọ̀ yẹn bá jáde ẹ padà wá síbí kẹ́ ẹ sọ oògùn tí wọ́n kọ, kí Apòògùn bá yín wò ó.